Ọkọ̀ Ogun, Ọkọ̀ Ẹrú àti Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lè máa rò ó pé kí ló kàn wá nínú ìtàn àròsọ ọkọ̀ ogun ojú òkun. Òkun jìnnà sí wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé The Commodore, Patrick O'Brian rán akọni rẹ̀, Jack Aubrey, wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó wá dọdẹ ọkọ̀ ẹrú. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ogun tó fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀. Ní 1821 ni ogun kó Àjàyí ní Òṣoògùn, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther nígbẹ̀yìn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé Èkó. Ní oṣù Kẹrin 1822, wọ́n kó òun àtàwọn mìíràn, 187 lápapọ̀, sínú ọkọ̀ Potogí kan. Ọkọ̀ náà kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, fi lé e bá.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí wọn kò mú un kó tó kó ẹrú? Òfin ni. Òfin tí Gẹ̀ẹ́sì fi de òwò ẹrú ní 1807 kò mú Potogí. Àdéhùn 1815 àti 1817 ló fún ọkọ̀ ogun láyè láti yẹ ọkọ̀ Potogí wò, nítorí ẹrú tí wọ́n bá kó ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí Èkó wà. Síbẹ̀, ẹrú gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Ó dà bí ọlọ́dẹ tí kò láṣẹ láti mú olè àfi tó bá bá ewúrẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ní 1839 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì tó gbà pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nìkan tó ẹ̀rí.

Ṣé àánú nìkan ló ń lé àwọn atukọ̀ náà síwájú? Rárá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san owó fún wọn lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà sílẹ̀: tó £60 lórí ọkùnrin, £30 lórí obìnrin, £10 lórí ọmọdé, kí wọ́n tó dín in kù ní 1824. Wọ́n sì ń fẹ̀mí wewu, nítorí ibà ń pa wọ́n ju àgbá lọ.

Ìgbà tí wọ́n bá mú ọkọ̀ tán, ó di ilé ẹjọ́ ní Freetown, ní Sàró. Ìlà-oòrùn ni omi òkun ń ṣàn sí ní etíkun wa, ìwọ̀-oòrùn sì ni Sàró wà. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìgbòkun ló ń gbé e ní láti máa bá omi jà. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ni Àjàyí tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Nínú ìwé àròsọ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ la máa ń dúró sí wo ogun. Lẹ́tà tí Crowther kọ ní 1837 gbé wa sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹran tí wọ́n so rọ̀ nínú ọkọ̀ ogun dà bí ẹran èèyàn lójú Àjàyí àtàwọn tí wọ́n jọ gbà, ọta àgbá sì dà bí orí. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn ni wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n sì mọ̀ pé irin ni ọta náà. Ẹ ka àròsọ náà kí ẹ lè mọ bí ọkọ̀ ogun ṣe ń jà. Ẹ ka lẹ́tà náà kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú kò tètè mọ̀ pé wọ́n ti gba òun.