Oògùn táírọ́ìdì àti ṣúgà tó já wálẹ̀: níbo gan-an ni ewu wà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àṣìgbọ́ kan kúrò nílẹ̀. Levothyroxine, oògùn tí dókítà ń kọ fún ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó mọ́, kì í fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bó bá fọwọ́ kan ṣúgà rárá, ńṣe ló máa ń tì í sókè díẹ̀. Síbẹ̀, a máa ń rí lára àwọn tó ń lò ó tí ṣúgà wọn á já lójijì, tí wọ́n á dákú, tí gìrì á mú wọn. Ẹ̀bi hóró oògùn náà kọ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ká wò, àti ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, àti bí aláìsàn ṣe dá a dúró.

Iwájú ọrùn ni táírọ́ìdì wà. Bó bá wú, gẹ̀gẹ̀ nìyẹn, kò sì sí àgbàlagbà ní Ìkirè tàbí Àpòmù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé gẹ̀gẹ̀ fún. Àìtó ayodíìnì nínú oúnjẹ ló sábà ń fà á, ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa sì máa ń dá kún un. Láti 1993 ni wọ́n ti ń po ayodíìnì mọ́ iyọ̀ tí à ń rà lọ́jà Nàìjíríà, gẹ̀gẹ̀ sì dín kù. Ṣùgbọ́n wíwú ọrùn kò sọ bí táírọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Òmíràn wú, ó ń ṣe àṣejù. Òmíràn wú, kò ṣe tó. Òmíràn kàn wú lásán ni. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò, yóò máa lo levothyroxine títí ayé. Kó tó di 1891, tí George Murray ní Newcastle fi omi tí wọ́n fún láti ara táírọ́ìdì àgùntàn gún obìnrin kan lábẹ́rẹ́, kò sí ìtọ́jú kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn lo ọdún 28 sí i láyé.

Táírọ́ìdì ló ń pinnu bí ara yóò ṣe yára tó. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dín kù, ẹ̀dọ̀ kì í tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, ínsúlínì kì í tètè kúrò lára, oúnjẹ ń pẹ́ nínú ikùn, ebi kì í sì í pa ènìyàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, èyí túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí glibenclamide tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Daonil, tó ti ń bá a lára mu tipẹ́ lè di èyí tó pọ̀ jù láìjẹ́ pé ó fi hóró kan kún un. Bí ṣúgà irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé ń já lemọ́lemọ́, tí òtútù ń mú un, tó ń sanra, tó sì ń sùn ṣáá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ táírọ́ìdì rẹ̀ wò kí wọ́n tó bá a wí pé kì í jẹun lásìkò.

Bí wọ́n bá wá fún un ní levothyroxine, ẹ̀dọ̀ á tún jí sí iṣẹ́, ínsúlínì tó ń lò kò ní tó mọ́, dókítà á sì fi kún un. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àfi bí owó bá tán. Lójú tèmi, ibí yìí ni ewu pọ̀ sí jù fún àwa tí à ń fi owó àpò ara wa ra oògùn. Ọjà kò tà, ara sì ti yá, a ní ká dá ọ̀kan dúró ná. Ti ṣúgà kọ́ la máa ń dá dúró, torí gbogbo wa ló ń bẹ̀rù ṣúgà. Ti táírọ́ìdì ni. Kò sì sí ohun tó máa ṣe wá lọ́jọ́ kejì, nítorí lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méje, ìdajì oògùn náà ṣì wà lára. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, táírọ́ìdì ń rẹlẹ̀, ínsúlínì tí wọ́n fi kún kò yẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n pe aláìsàn náà, kò dáhùn. Ta ni yóò rántí oògùn tó dá dúró lóṣù tó kọjá?

Ewu kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn ìyá ọmọ ló kàn, a kì í sì í sọ ọ́ tó. Kókó kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, òun ló ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì àti fún kókó méjì tó jókòó lórí kíndìnrín. Nínú oyún ó máa ń tóbi, ẹ̀jẹ̀ tó nílò á sì pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kókó yìí lè bàjẹ́. Harold Sheehan, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé èyí ní 1937, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà. Ìyá yè, ọmọ yè, wọ́n sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n omi ọyàn kò wá, nǹkan oṣù kò padà, irun abíyá ń re, ó ń rẹ̀ ẹ́, òtútù ń mú un. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Láàárín àkókò náà, ẹ mọ ohun tí àwọn ará ilé ọkọ máa ń sọ nípa obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró tí kò sì lóyún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣàyẹ̀wò, wọ́n á rí i pé táírọ́ìdì rẹ̀ rẹlẹ̀, wọ́n sì lè sáré fún un ní levothyroxine. Àṣìṣe tó lè pa á nìyẹn. Kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mónù tó ń wá láti orí kíndìnrín, kò tó lára rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ máa pèsè ṣúgà nígbà tí a kò jẹun. Levothyroxine á mú kí ara yára, á sì tètè gbá ìwọ̀nba kọ́tísọ́ọ̀lù tó kù dànù. Èébì á bẹ̀rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já, ṣúgà á já tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí kọ́tísọ́ọ̀lù fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí oògùn táírọ́ìdì tó tẹ̀ lé e. Àyẹ̀wò TSH (họ́mónù tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì) nìkan sì lè tan ènìyàn jẹ, nítorí láti inú kókó tó bàjẹ́ yẹn gan-an ni TSH ti ń wá. Ìbéèrè méjì tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ló yẹ kó ṣáájú: “Mọ̀mí, ṣé ẹ̀jẹ̀ ya yín gan-an nígbà tí ẹ bímọ? Ṣé omi ọyàn wá?”

Dídá ẹ̀jẹ̀ dúró ní yàrá ìbímọ ló tún sàn jù. Ìwádìí E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti South Africa, fi hàn ní 2023 pé bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀rá tó ní ìwọ̀n sábẹ́ ìyá ọmọ láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, tí wọ́n sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ yíya tó lágbára dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ní ti àwọn dókítà tó mọ họ́mónù dunjú, orí bá ará Ìkirè ṣe é: ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn wà lápá kan ọ̀nà, ilé ìwòsàn OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ wà lápá kejì.

Bí ṣúgà bá wá já ńkọ́? Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa já, ọ̀rọ̀ á máa dàrú lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń lo propranolol nítorí táírọ́ìdì tó ń ṣe àṣejù lè má gbọ̀n, àyà rẹ̀ sì lè má já. Òógùn ló lè tú àṣírí. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ṣúgà wà lábẹ́ 70 mg/dL, kúbù ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin tàbí ìdajì ife ẹlẹ́rìndòdò ni kó mu, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Mo mọ̀ pé ní Ìkirè, dòdò ló máa kọ́kọ́ sún mọ́ ọwọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n rá ń dùn, ṣùgbọ́n epo tó wà nínú dòdò Ìkirè kì í jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ tètè dénú ẹ̀jẹ̀. Kó mu ṣúgà ná. Bí ojú rẹ̀ bá ti wálẹ̀, kó wá jẹ dòdò.

Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n fa omi glucose sí i lára. Bó bá sì jẹ́ glibenclamide ló ń lò, ẹ má ṣe torí pé ó lajú tó sì ń sọ̀rọ̀ kí ẹ gbé e padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Oògùn yẹn lè tún fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó mọ́.