Kí Ìkòkò Tó Di Ìkòkò

Láti kékeré ni mo ti ń bu omi mu nínú àmù ìyá mi àgbà, n kò béèrè bí wọ́n ti mọ ọ́n rí.

Ní Dàda, ní Òkèlele, Ìlọrin, àwọn obìnrin ní í mọ ìkòkò. Wọn a gún amọ̀, wọn a ṣa òkúta inú rẹ̀, wọn a tẹ́ ẹ lé ìdí ògbólógbòó ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọn a sá a gbẹ, wọn a sì sun ún ní gbangba. Bí ó ti ń gbóná lọ́wọ́ ni wọn a wọ́n omi èèpo èso igi irú sí i, kí ó lè dúdú.

Bí amọ̀ kò bá gbẹ tán, omi inú rẹ̀ a di ooru nínú iná, a sì fọ́ ọ. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ a di àpáàdì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìdí nìyí tí amọ̀kòkò kì í fi í kánjú.