Sitéṣọ̀n wágọ̀n àtijọ́ ń na Camaro lórí pápá: ìdí abájọ rèé!

Ẹ̀rín ni ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ máa ń rín. Mọ́tò méjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní pápá eré ìje kan nítòsí ìlú Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan jẹ́ Camaro, ó rẹlẹ̀, ó ń kùn bí ẹkùn. Èkejì jẹ́ sitéṣọ̀n wágọ̀n gbọọrọ, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí wọ́n ti ṣe é, ìjókòó ẹ̀yìn ṣì wà nínú rẹ̀, irin tí wọ́n ń so ẹrù mọ́ ṣì wà lórí òrùlé. Irú mọ́tò tí bàbá fi ń kó ìyàwó, ọmọ mẹ́rin àti ajá lọ kí ìyá àgbà! Ṣé èyí náà fẹ́ sáré ni? Ó fẹ́ sáré o. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tó jẹ́ pé òun ló máa kọ́kọ́ dé òpin.

Ẹni tó bá ti wọ Pijó 504 onísitéṣọ̀n láti Ìbàdàn sí Èkó rí mọ irú mọ́tò tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé: òrùlé rẹ̀ lọ tààrà títí dé ẹ̀yìn, ó ń kó èrò, ó ń kó àpò gàrí. Ti Amẹ́ríkà ló gùn jù, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì le jù. Ẹ wo wágọ̀n Chevrolet ọdún 1957: ẹ́ńjìnnì V8 tí wọ́n ń pè ní 283, tí wọ́n ń fi sínú mọ́tò eré Corvette lọ́dún yẹn, èèyàn lè rí i rà nínú rẹ̀.

Eré náà ò ní kọ́nà kankan. Ọ̀nà tààrà ni, ẹsẹ̀ bàtà 1,320, ìyẹn ìdá mẹ́rin máìlì kan. Ẹgbẹ́ NHRA, tí Wally Parks dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1951 kí àwọn ọ̀dọ́ lè yé fi títì ìgboro sáré pa ara wọn, ló ń darí rẹ̀. Ìdíje wọn tó tóbi jù ti ń wáyé ní Indianapolis láti 1961, lásìkò ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Oríṣiríṣi mọ́tò ló ń sáré níbẹ̀, àmọ́ Stock ni wọ́n ń pe apá ti wágọ̀n wà: mọ́tò bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ìṣirò wọn, torí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni. Wọ́n á mú ìwọ̀n mọ́tò, wọ́n á fi agbára ẹṣin ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pín in. Ká ní ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 250 wà nínú mọ́tò tó wọn pọ́n-ùn 3,250, pọ́n-ùn 13 ló kan ẹṣin kọ̀ọ̀kan láti fà. Ká wá gbé ẹ́ńjìnnì yẹn náà sínú wágọ̀n tó wọn pọ́n-ùn 3,500, ó di 14. Wọn ò ní pa méjèèjì pọ̀. Wágọ̀n á bọ́ sí kíláàsì tó rọjú, láàárín àwọn tí ẹrù tiwọn náà wúwo. Sísanra ò wá pa á lára mọ́.

Èrè rẹ̀ wá dà? Ẹ̀yìn ló wà! Gíláàsì àti irin tó kún ẹ̀yìn wágọ̀n ló ń tẹ táyà mọ́lẹ̀. Awakọ̀ tó ti há sínú ẹrẹ̀ rí mọ̀ ọ́n: bí ẹ̀yìn mọ́tò bá fúyẹ́, táyà á kàn máa yí lójú kan, ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn èrò bá jókòó sí búùtù ló tó gbéra. Ní àwọn ọdún 1960, táyà tó fẹ̀ ju íǹṣì 7 lọ ò sí fún àwọn kíláàsì kékeré. Ọ̀pọ̀ Chevrolet alágbára ló dúró tó ń rú èéfín, tí wágọ̀n sì ti lọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni wágọ̀n ṣe ń bá Camaro tó yá jù ú lọ figẹ̀ wọngẹ̀? Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí mọ́tò rẹ̀ máa lò sára gíláàsì. Bí wágọ̀n bá kọ 14, tí Camaro kọ 11 àbọ̀, wágọ̀n á fi ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ ṣáájú. Òpó iná kan wà níwájú wọn tí wọ́n ń pè ní igi Kérésìmesì, láti 1963 ló ti wà. Iná ọsàn mẹ́ta á tàn tẹ̀ léra, iná ewé á tàn, ó yá! Ẹni tó bá gbéra kí iná ewé tó tàn, iná pupa ni tiẹ̀, ó ti pàdánù.

Ìnira ẹni tó dúró sẹ́yìn ò kéré. Ó ń wo ìdí wágọ̀n tó ń lọ, ẹsẹ̀ ń yún un. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni iná pupa ti ń mú wọn. Ti onítọ̀hún tó ṣáájú náà ò rọrùn: mọ́tò tó bá fi eré kọjá iye tí wọ́n kọ sára gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ àdéhùn, òun ló pàdánù, àfi bí ti ẹnìkejì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tóun ti Camaro tó ń bọ̀ nínú díńgí, ó gbọ́dọ̀ pinnu bóyá kó tẹ iná sí i ni tàbí kó fẹsẹ̀ kan búrẹ́kì. Ìgbà tí mọ́tò kíláàsì kan náà bá pàdé ara wọn nìkan ni wọ́n jọ ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí pé à ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé eré ọkùnrin ni. Shirley Shahan ló gbé Plymouth tí ọkọ rẹ̀ tún ṣe wá sí Pomona, ní California, lọ́dún 1966, tó sì na gbogbo àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní Stock. Obìnrin kankan ò tíì gba irú ife ẹ̀yẹ ńlá bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ NHRA ṣáájú rẹ̀.

Ohun tó ń dun àwọn oníwágọ̀n lónìí ni pé mọ́tò náà ti ń tán nílẹ̀. Nígbà tí Chrysler gbé bọ́ọ̀sì kékeré ti ìdílé jáde fún ọdún 1984, àwọn ìyá ilé sá lọ síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1996, Chevrolet àti Buick ti pa wágọ̀n ńlá tiwọn tì. Ìpàǹtí ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ. Ilẹ̀kùn iwájú lè bá ti mọ́tò mìíràn mu, àmọ́ gíláàsì gígùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn yẹn, ara wágọ̀n mìíràn nìkan lèèyàn ti lè yọ ọ́. Ẹlòmíì á ra odindi òkú mọ́tò nítorí gíláàsì kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá wá ṣe gbogbo èyí, tó sáré, tó borí, kò tíì lè fò sókè. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé mọ́tò lórí òṣùwọ̀n, torí kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju ìwọ̀n ìwé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá jẹ́ ìdíje ńlá, wọ́n lè ní kó tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ ò rí nǹkan! Kábúrétọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i. Fáàfù ò gbọ́dọ̀ gbéra sókè ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ní kó gbéra lọ. Àmọ́ òfin ò sọ bí fáàfù ṣe máa pẹ́ tó ní ṣíṣí, ibẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń rí agbára tí wọ́n kó pamọ́. Òṣìṣẹ́ á tẹ̀ ba ẹ́ńjìnnì, á máa fi irinṣẹ́ wọn nǹkan níkọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ife ẹ̀yẹ lọ, owó lọ, iṣẹ́ ọdún kan lọ. Ẹni tó ni wágọ̀n á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ́ìlì, kò ní lè sọ̀rọ̀, títí òṣìṣẹ́ yẹn á fi gbórí sókè tí á ní, "Ó pé. Máa dì í padà."