Oògùn Kòkòrò Nínú Ẹ̀wà: Ibi Tí Òfin Dé



Ẹni tí ó bá ń ra ẹ̀wà pamọ́ mọ wàhálà kòkòrò. Nítorí rẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń da dichlorvos, oríṣi òtapiapia kan, sí ẹ̀wà tí wọ́n ń tà. Iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri ara kòkòrò ni oògùn yìí ń bà jẹ́, kò sì yọ ti ènìyàn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lè máa bì, kí ó máa làágùn, kí ó má sì lè mí dáadáa. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí rẹ̀. Àwa ńkọ́?

Àgbẹ̀ ń lo oògùn yìí lóko. Nítorí náà, ní ọdún 2019, NAFDAC kò dè é pátápátá. Ìgò kékeré, 100 mílílítà tàbí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ni ó dè, ó sì fi ti lítà kan sílẹ̀ fún àwọn ilé ìtajà ohun èlò oko tí a fọwọ́ sí. Ìgò kékeré ni owó rẹ̀ kéré, òun ni ọmọdé lè rí gbé mu. Lójú tèmi, òfin náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí ń bu oògùn tà nínú ìgò tí kò lórúkọ.

Kí wá ni alátà yóò ṣe? Kí ó sá ẹ̀wà kí ó gbẹ dáadáa, kí ó kó o kún kẹ́ẹ̀gì mímọ́ dé ẹnu, kí ó dé e pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. Ẹ má máa ṣí i wò lójoojúmọ́ o, afẹ́fẹ́ mìíràn yóò wọlé.