Iná Tó Kéré àti Sípíkà Tó Jó

Bí sípíkà bá jó nínú ilé kan ní Ṣómólú tàbí Bàrígà nílùú Èkó, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi: iná NẸ́PÀ tó pọ̀ lójijì, tàbí ayédèrú láti ọjà Alábà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Èyí tí wọn kì í fẹ̀sùn kàn ni iná tó kéré, bẹ́ẹ̀ iná tó kéré àti ọwọ́ tí kò yé yí fọ́lúùmù sókè wà lára ohun tó burú jù lọ fún sípíkà.

Kò sí ẹni tí kò tíì rí bébà sípíkà àti òòfà tó wà nídìí rẹ̀. Ohun tó fara sin láàárín méjèèjì ni kọ́ìlì, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé yípo, tó rọ̀ sínú àlàfo tóóró inú òòfà. Bí iná láti inú amplifier ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà yìí, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ìlì ń ti bébà síwájú, tó sì ń fà á sẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí kò tíì yí padà púpọ̀ láti 1925 tí Chester Rice àti Edward Kellogg ti gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Àbùkù rẹ̀ náà kò yí padà: nínú 100 wáàtì tó bá wọ sípíkà ilé, èyí tó ń di ohùn kì í sábà ju 1 tàbí 2 lọ. Gbogbo ìyókù ń di ooru lára kọ́ìlì. Orin fúnra rẹ̀ ló ń gba kọ́ìlì là. Nínú fújì, ìlù á dún gbàmù, á sì rọlẹ̀. Láàárín ìlù kan sí èkejì ni kọ́ìlì ti ń tutù.

Ikeja Electric ló ń pín iná fún Ṣómólú àti Bàrígà, 230 fóòtì ló sì yẹ kó wọlé. Nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé tó wà lórí wáyà kan bá tan fíríìjì àti fáànù pọ̀, iná lè já wálẹ̀ dé 160. Amplifier tó ń lo transformer ńlá kò ní ohun tó máa fi dí àlàfo yẹn. Agbára rẹ̀ tún ń já ju fóòtì lọ: èyí tó ń gbé 100 wáàtì ní 230 kò ní lè gbé ju nǹkan bí 48 lọ ní 160. Ẹni tó jókòó nínú yàrá kò mọ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé béèsì kò lu àyà mọ́, ló bá yí fọ́lúùmù sókè.

Fọ́lúùmù kì í dá agbára. Bí ó ti wù kí wọ́n yí i tó, ìgbì ohùn kò lè ga ju iná tó wà nínú amplifier lọ. Bí ẹni tó ń fò nínú yàrá tí wọ́n fa àjà rẹ̀ wálẹ̀ ni: ibi tí orí bá ti kan àjà ni fífò pin sí. Orí ìgbì náà á gé pẹrẹsẹ, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ibi tó ga kò lè ga mọ́, ṣùgbọ́n ibi tó rọlẹ̀ ń gòkè sí i, títí ìsinmi àárín ìlù á fi parẹ́. Kọ́ìlì kò ráyè tutù. Gígé yẹn tún ń bí ohùn tínrín, híhan, tí kò sí nínú orin rárá. Kapásítọ̀ tó wà níwájú tweeter, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín jáde, béèsì ló ń dá dúró; ohùn híhan ń kọjá lára rẹ̀. Wáyà tweeter ló fẹ́lẹ́ jù, òun ló sì ń kọ́kọ́ jó. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé amplifier kékeré kò lè pa sípíkà ńlá kò sọ òótọ́. Nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n kọ sára páálí, 3000 wáàtì PMPO àti irú rẹ̀, kò sì lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èyí. Bí ohùn bá ti ń ha létí, kí wọ́n yí i wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Síso sípíkà mẹ́rin mọ́ ojú kan nítorí àríyá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíkà 8 óòmù méjì tí wọ́n so pọ̀ di 4 óòmù, mẹ́rin di 2. Amplifier tí wọn kò ṣe fún 2 óòmù lè gbóná títí transistor inú rẹ̀ á fi bàjẹ́, tí iná tààrà á sì wọ sípíkà. Bébà á yọ síwájú tàbí sẹ́yìn, á dúró síbẹ̀, kọ́ìlì á jó kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí suwíìṣì.

Ìwà àwọn atúnrédíòṣe kan náà gba ìkìlọ̀ kíákíá. Wọ́n ń fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì. Wọ́n ń yọ kapásítọ̀ tweeter kúrò, wọ́n á ní kó lè ké dáadáa ni. Tweeter náà kì í pẹ́ jó. Àwọn mìíràn ń wé kọ́ìlì tuntun ní ìyípo tí kò pé kí wáyà lè ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́. Olè ni èyí, amplifier oníbàárà ló sì máa san gbèsè rẹ̀.

Kí ẹni tó bá lọ gba sípíkà padà ní kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n lójú òun. Woofer, ìyẹn sípíkà béèsì, tó jẹ́ 8 óòmù sábà máa ń ka 6 sí 7; bó bá ka 3 tàbí 4, ìyípo rẹ̀ kò pé. Kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bébà wọlé díẹ̀díẹ̀, lọ́gbọọgba. Bó bá ń há tàbí tó ń ha, kọ́ìlì kò dúró láàárín gbùngbùn, kó má san owó.