Ẹ má tíì sọ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ di irin àlòkù



Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe aṣọ. Tẹlifíṣọ̀n ni, èyí tí ó ti dákẹ́ tí a gbé sí igun ilé.

Àpótí inú yàrá Bàbá

Ní Kambolé, bàbá kan wà nínú kíláàsì àwọn àgbà wa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó ń ka ojú ewé yìí fúnra rẹ̀ báyìí. Ní ọjọ́ kan, mo lọ kí i nílé. Mo rí àpótí ńlá kan ní igun yàrá rẹ̀. Wọ́n ta aṣọ bò ó, wọ́n sì gbé àwo lé e lórí. Mo béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ náà.

— Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni, ọmọ mi. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì fi àwòrán hàn mọ́. Ẹni tí ń ra irin àlòkù yóò wá gbé e ní ọjọ́ Jímọ̀.

— Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ta ni ó rà á?

Bàbá dákẹ́ díẹ̀.

— Àbúrò mi ni. Ìbàdàn ni ó ti rà á fún mi. Tẹlifíṣọ̀n yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká.

Mo jókòó. Bàbá sì sọ ìtàn náà fún mi.

Ní nǹkan bí ọdún 1988, àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó kó owó jọ, ó ra tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ kan, ó sì fi ọkọ̀ gbé e ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ayọ̀ kún ilé. Wọ́n so àńténà mọ́ orí ọ̀pá oparun gígùn. Wọ́n yá ẹ̀rọ amúnáwá kékeré. Ní alẹ́, gbogbo àdúgbò jókòó sí ìta láti wo tẹlifíṣọ̀n Lomé.

Àwòrán jáde, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni. Kò sí àwọ̀ kankan. Ẹnu àwọn ènìyàn ń mì nínú àpótí náà, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn wọn. Ariwo bí ti òjò nìkan ni a ń gbọ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àlòkù ni àbúrò rà, ó sì fi owó yòókù sápò. Bàbá gbà wọ́n gbọ́. Ó ránṣẹ́ ọ̀rọ̀ líle sí àbúrò rẹ̀. Fún ọdún méjì, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí tẹlifíṣọ̀n ti wá

Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ìtàn ohun tí a ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1897, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Karl Ferdinand Braun, ṣe ìgò kan tí iná mànàmáná ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú rẹ̀. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú gbogbo tẹlifíṣọ̀n tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1926, John Logie Baird fi tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ han àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó dá a sílẹ̀. Ní Tógò, ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1973 ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Lomé. Láti Ìbàdàn sí Lomé, ó gba tẹlifíṣọ̀n tó ọdún mẹ́rìnlá. Ẹni tí ó bá ní àpótí láti ìgbà náà ní ẹ̀rí ìtàn lọ́wọ́.

Ààlà wọ inú àpótí

Ṣé àbúrò tan ẹ̀gbọ́n jẹ? Rárá o. Tẹlifíṣọ̀n náà kò bàjẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé e dé ni kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà fi àwọ̀ ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ará Faransé kan, Henri de France, ṣe ọ̀nà tí a ń pè ní SECAM. Ará Jámánì kan, Walter Bruch, ṣe ọ̀nà tí a ń pè ní PAL. Ọ̀nà Faransé ni Tógò àti Benin gbà. Nàìjíríà gba PAL, bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe. Àpótí tí a ṣe fún PAL nìkan yóò rí àwòrán SECAM, ṣùgbọ́n kò ní mọ àwọ̀ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi jáde ní dúdú àti funfun.

Ohùn ńkọ́? Ohùn máa ń tọ àwòrán lẹ́yìn, bí ọmọ ti ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, ohùn jìnnà sí àwòrán ní ìwọ̀n 5,5. Ní Tógò, ó jìnnà sí i ní ìwọ̀n 6,5. Àpótí Ìbàdàn dúró de ọmọ náà ní ibi tí kò gbà kọjá. Nítorí náà, ariwo nìkan ni ó gbọ́.

Ẹ wò ó. Yorùbá ni a ń sọ ní Ìbàdàn, Yorùbá ni a ń sọ ní Kambolé. Àwọn òyìnbó fa ààlà méjì sí àárín wa: ààlà Nàìjíríà àti Benin, àti ààlà Benin àti Tógò. Ààlà náà wọ inú igbó, ó wọ inú oko, ó sì wọ inú àpótí tẹlifíṣọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ọmọ ìyá méjì níyà.

Ọ̀gá kan tí ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Sokodé ni ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá nígbà náà. Ó yí apá tí ń gba ohùn padà, ohùn sì jáde. Ó ní owó àtiṣe àwọ̀ yóò pọ̀ jù. Bàbá ní kò burú. Ó wá ẹni tí ń lọ sí Ìbàdàn, ó fi iṣu àti ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà ti di olóògbé báyìí.

Mo sọ fún un pé:

— Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e ní ọjọ́ Jímọ̀.

Àwọn tí ń tọ́jú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ní West Dulwich, ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gerald Wells fi ọ̀pọ̀ ọdún kó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ jọ, ó sì ń tún wọn ṣe. Ó sọ ilé rẹ̀ di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó kú ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n ohun tí ó kó jọ kò bá a kú. Ní ìlú Hilliard, ní Amẹ́ríkà, ilé kan wà tí wọ́n kó kìkì tẹlifíṣọ̀n ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ sí. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, eré ìdárayá ni èyí, bí ẹlòmíràn ti ń ta ayò lábẹ́ igi. Inú wọn a máa dùn nígbà tí àpótí tí ó ti dákẹ́ bá tún mọ́lẹ̀.

Ohun tí à ń sọ di irin àlòkù lè ṣe ibi. Nígbà tí àwọn ọmọdé bá dáná sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, èéfín náà jẹ́ májèlé. Ìgò tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ní òjé nínú. Bí a bá fọ́ ọ sí ẹ̀bá oko tàbí odò, òjé náà lè wọ inú ilẹ̀. Ní ọdún 2022 nìkan, ohun èlò oníná tí gbogbo ayé sọ di pàǹtírí tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Bàbá gbà. A gbé àpótí náà sínú ọkọ̀ láàárọ̀, a gba Tchamba kọjá, a sì dé Sokodé. Ọ̀gá ìgbà náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti di ọ̀gá. Tem ni ó ń sọ, Bàbá sì gbọ́ Tem dáadáa.

Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ọ̀gá náà kìlọ̀ fún wa. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ìkìlọ̀ yìí: ẹ má ṣe ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n fúnra yín. Iná ilé wa jẹ́ 220 volt. Iná inú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ lè lé ní 20.000 volt. Bí a tilẹ̀ yọ okùn rẹ̀ kúrò lára ògiri, iná ṣì lè sápamọ́ sínú rẹ̀. Ó lè pa ènìyàn. Bákan náà, kò sí afẹ́fẹ́ nínú ìgò rẹ̀. Bí ó bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ máa ń fò káàkiri.

Ọ̀gá náà kọ́kọ́ lé iná tí ó sápamọ́ jáde. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku àti òwú aláǹtakùn kúrò. Kò tètè tàn án, nítorí àpótí tí ó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún lè jóná bí a bá jí i lójijì. Ó yẹ àwọn kọ̀ńdẹ́ńsátọ̀ wò. Àwọn nǹkan kékeré tí ń gba iná pamọ́ nìyẹn, àwọn ni ọjọ́ ogbó sì máa ń tètè bàjẹ́. Orí àwọn kan ti wú. Ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé ìdí wọn, ó yọ wọ́n, ó sì fi òmíràn rọ́pò. Ó rí díẹ̀ nínú wọn yọ lára tẹlifíṣọ̀n mìíràn tí kò lè jí mọ́.

Nígbà tí ó tàn án, ìlà funfun kan ṣoṣo hàn ní àárín gíláàsì. Bàbá mí kanlẹ̀. Ọ̀gá ní:

— Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaji. Ìlà yìí ń sọ ibi tí ó ti ń dùn ún fún mi.

Ó ṣàlàyé pé ìlà 625 ni ó ń para pọ̀ di àwòrán kan, àwòrán 25 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí apá tí ń tẹ́ àwọn ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bá kú, gbogbo wọn yóò kó jọ sí ojú kan. Ó wá apá náà rí, ó tún un ṣe, ìlà náà sì ṣí bí ẹní tí a tẹ́.

Ó ku ohun kan. Ọ̀nà tuntun tí a fi ń fi àwòrán ránṣẹ́ lónìí kò yé àpótí àtijọ́ mọ́. Ó nílò dekódà. Ọ̀gá so dekódà mọ́ ọn. Dekódà náà mọ PAL sọ. Àwọ̀ sì jáde! Aṣọ àwọn obìnrin inú rẹ̀ pupa, ewéko tutù yọ̀yọ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí àbúrò rà ní aláwọ̀ fi àwọ̀ hàn ní ilẹ̀ Tógò fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n. Bàbá fi ọwọ́ kan gíláàsì náà. Kò sọ ohunkóhun.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe gbogbo tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni a lè tún ṣe. Kì í sì ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kò náni ju bébà àti bírò lọ. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ kọ ìtàn rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé lára rẹ̀, àwọn ọmọ yín yóò rí pákó àti gíláàsì nìkan.

Ẹ kọ àwọn nǹkan yìí, kí ẹ sì lẹ bébà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìta:

1. Orúkọ ẹni tí ó rà á.
2. Ìlú tí ó ti rà á, àti ọdún.
3. Ẹni tí ó tún un ṣe, àti ohun tí ó ṣe sí i.
4. Ohun kan tí ẹ jọ wò lójú rẹ̀ tí ẹ kò lè gbàgbé.

Fún ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa, ìdáhùn sí ìkẹrin rọrùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2006, Tógò gbá bọ́ọ̀lù ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Frankfurt, ní Jámánì. Mohamed Kader, ọmọ tí a bí ní Sokodé, gbá bọ́ọ̀lù wọlé Kòríà Gúúsù. Kòríà ni ó borí, 2 sí 1. Síbẹ̀, ta ni kò rántí àpótí tí ó ti wo góólù náà, àti àwọn tí wọ́n jọ jókòó? Díẹ̀ nínú wọn kò sí láyé mọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tí ń ra irin àlòkù dé ilé Bàbá. Agbada tí ó ti lu ni ó rí gbé lọ. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá jókòó pẹ̀lú bírò rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó kọ ọ́ tán. Ó nù ún nígbà méjì, ó tún un kọ. Ohun tí ó wà lára àpótí náà lónìí nìyí:

«Àbúrò mi ni ó ra tẹlifíṣọ̀n yìí fún mi. Ìbàdàn, 1988. Ohun rere ni ó rà. Èmi ni n kò mọ̀.»