Bí Ṣakabùlà Ṣe Di Ìbọn Ọdẹ Ofosu

Ọdẹ tó ń ṣọ́ oko kòkó nínú igbó Ofosu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, ṣakabùlà ló sábà máa ń gbé kọ́ èjìká. A ó ki ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a ó fi ọ̀pá gún un wọlé, a ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí i lè rò pé àìlówó ló fà á. Ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ.

Nígbà ogun Kírìjì láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ilẹ̀ yìí ti rí ìbọn tó dára ju ṣakabùlà lọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò l'Ékòó ló ra Snider, tí wọ́n ń ki ọta sí nídìí, wọ́n sì gba ọ̀nà Oǹdó fi ránṣẹ́ sójú ogun. Ìbàdàn ní tiwọn ń wojú Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kí wọ́n tó rí ẹ̀tù rà. Ẹni tí ìlú bá bá ṣọ̀rẹ́ ló ń sọ irú ìbọn tó máa dọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù jókòó ní Brussels, wọ́n de títa irú ìbọn bíi Snider ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì fi ìbọn àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní òwò ẹrú làwọn ń bá jà. Bóyá ni. Ẹni tó ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ kì í fẹ́ bá ìbọn gidi lọ́wọ́ onílẹ̀.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 tẹ̀lé ipa náà: ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́ di èèwọ̀, ṣakabùlà sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òfin kan náà ní alágbẹ̀dẹ kò gbọdọ̀ rọ ìbọn. A lè gbàṣẹ láti ní i, ẹni tó rọ ọ́ sì ti di arúfin! Nítorí náà, ìdákọ́ńkọ́ lọjà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ìdìbò tàbí ìjà lórí ẹ̀tọ́ ìbọn bá gbóná, àwọn tó ń rà á máa ń pọ̀, wọ́n sì ń rí i nínú ìwé: àyẹ̀wò tí FBI ń ṣe fún olùrà ju mílíọ̀nù 39 lọ ní 2020. Ta ni yóò ka ti alágbẹ̀dẹ inú igbó?

Ọdún 2020 náà ni wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò ilẹ̀ Yorùbá, sílẹ̀. Ní January 2021, Rótìmí Akérédolú, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, fún àwọn darandaran ní ọjọ́ 7 láti kúrò nínú igbó ọba. Ní June 5, 2022, àwọn agbébọn pa 40 ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì l'Ọ́wọ̀. Lóṣù September, nígbà tí fídíò fi àwọn fijilanté Kàtsínà hàn pẹ̀lú AK-47, Akérédolú kéde pé òun yóò ra ìbọn fún Àmọ̀tẹ́kùn. Abújá ló ni àṣẹ irú ìbọn bẹ́ẹ̀, Akúrẹ́ kọ́. Gómìnà bá ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà, ọdẹ Ofosu sì ń sá ẹ̀tù rẹ̀ sóòrùn.